Má Yáwó Ra Mọ́tò Ìṣeré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín? Ọkọ rẹ ńkọ́? Abẹnugan ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn láìdi aṣọ ènìyàn mú? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́, àwọn ará ilé tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Tó bá ku ẹnì kan tí n kò bèèrè, bá mi kí i, kó má bínú, ìwé ni kò gbà mí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi kọ lójú pópó, kò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, ohun tí ẹ bá sì fi ọwọ́ méjèèjì dì mú kò ní bọ́. Màmá rẹ ní òun ṣe àmín. Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló jókòó sí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi bóyá màá kọ gbogbo ohun tí òun ní kí n kọ.

Ara wa le. Orúnkún màmá rẹ máa ń dùn ún tí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò dùn ún rárá. Ojú tèmi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì mọ ibi tí òòlù wà. Páànù ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jò, mo ti lẹ̀ ẹ́. Ibòmíràn ló wá ń gbà jò báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Tíṣà ló kà á fún mi, Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ẹni tó ṣe fóònù yìí kọ ìwé inú rẹ̀ bí ẹni pé èèrà ló fẹ́ kà á. O ní Abẹnugan ń pé ọdún méje lóṣù tó ń bọ̀, o ní mọ́tò ìṣeré ló fẹ́, èyí tí ọmọ ń jókòó sínú rẹ̀ tí yóò máa dá rìn kiri, pé ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ ní irú ẹ̀. O ní owó rẹ̀ ju owó oṣù rẹ lọ, pé o ti ń ronú àtiyáwó níbi iṣẹ́. Mo ní kí Tíṣà tún un kà, mo rò pé ó ṣi iye náà kà ni. Ó tún un kà, iye náà kò yí padà. Mo bi í pé kí ló ń gbé mọ́tò ọ̀hún rìn, ó ní bátìrì ni. Mo ní kí wá ni bátìrì ń jẹ, ó ní iná mànàmáná, ní alaalẹ́. Ọmọ mi, ewúrẹ́ gan-an máa ń sinmi oúnjẹ lálẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Má yáwó. Bèbí tó ń sọ̀rọ̀ tí o rà fún Abẹnugan lọ́dún tó kọjá, ìwọ náà lo sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ kan ni ohùn rẹ̀ fi jáde, pé páálí tí bèbí wà nínú ẹ̀ lọmọ fi ṣe ilé tó ń wọ̀ jáde wọlé fún oṣù méjì. Nígbà náà ni mo ti sọ fún màmá rẹ pé àwọn tó ń ta bèbí ni kò mọ̀, páálí ni wọn ìbá máa tà.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó dà bíi pé ẹnu lásán ni bàbá ní. Mo ní kí Tíṣà jẹ́ ká wá mọ́tò náà níbi tó ti dínwó. Ó ní ọjà kan wà nínú fóònù tí ohun gbogbo ti wọ́n dínwó. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà tẹ ibí tẹ ọ̀hún, a sì rí mọ́tò kan, pupa, ó dára lójú. Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní àwọn ti gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù mi. Mo dìde, mo lọ wo ojú títì. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan. Tíṣà ní inú fóònù ni kẹ̀kẹ́ náà wà. Ilẹ̀ ṣú bá wa, a fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù dún, ó ní kẹ̀kẹ́ mi ṣì ń dúró dè mí. Ẹnì kan ń dúró ti kẹ̀kẹ́ látàná nítorí tèmi! Oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Mo ní kí Tíṣà bá mi kọ ọ́ sí i pé kó lọ sábẹ́ igi.

Nígbà tí a tún ṣí i, ó ní kí n kọ nọ́ḿbà káàdì mi. Mo wọlé lọ mú káàdì ọsibítù mi wá, Tíṣà ti lọ mu omi, èmi fúnra mi ni mo tẹ nọ́ḿbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní káàdì mi kò wúlò. Ó dùn mí. Káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń yọ fáìlì mi jáde láti ọdún mẹ́rìnlá! Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n fi hàn án pé n kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kí Tíṣà sọ fún un pé bàbá ọmọ mẹ́rin ni mí, pé ẹ̀yìn ń ro mí, ṣé ẹ̀yìn máa ń ro ẹ̀rọ ni? Kò gbà. Ó kó àwòrán mẹ́sàn-án síta, ó ní kí n fọwọ́ kan gbogbo èyí tí àtẹ̀gùn bá wà nínú ẹ̀. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ mi rèé. Mo fọwọ́ kan mẹ́ta, ó ní ó ku ọ̀kan. Mo rí èyí tó ń wí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó kan án kò wọn ìṣísẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, kò sì fi ohun tí ènìyàn máa dì mú sí i. Mo ní èyí kì í ṣe àtẹ̀gùn, ikú ni. Tíṣà bẹ̀ mí pé kí n ṣáà fọwọ́ kàn án, mo ní láéláé, n kò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ burúkú. Bí ọjà náà ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé ìfági, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lára pákó. Mo ń rántí ìgbà tí ẹ wà ní kékeré. O ò lè gbàgbé lọ́rì onígi tí mo kàn fún ọ nígbà tí o pé ọdún mẹ́fà. Pákó tó ṣẹ́kù lára bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn fún ọ̀gá iléèwé ni. Okùn lo fi ń fà á, o sì fà á títí táyà rẹ̀ fi rí gbọọrọ bí ẹyin. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń já koríko fún un jẹ, ó ní ebi ń pa á. Gbùkẹ̀-gbùkẹ̀-gbùkẹ̀ ló máa ń dún lórí òkúta láàárọ̀, màmá rẹ á ní kí ẹ jẹ́ kí etí òun sinmi. Etí rẹ̀ ti sinmi báyìí, ó ti sinmi jù. Àdúgbò yìí, ìgbálẹ̀ àti ikọ́ nìkan lèèyàn ń gbọ́ láàárọ̀. Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa ló bímọ, gbogbo ọmọ náà ló sì lọ síbi tí iṣẹ́ wà.

Ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Tí gbogbo ilé bá bímọ, gbogbo ilé ní ohun ìṣeré tó wà nílẹ̀ lásán. Màá kó wọn jọ, màá tún wọn ṣe, màá fi wọ́n ránṣẹ́, Abẹnugan á sì ní ohun ìṣeré mẹ́wàá ní owó gọ́ọ̀mù lásán. Mo gbé àpò kan kọ́ èjìká, mo jáde.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mo kọ́kọ́ yà. Ó ní bọ́ọ̀lù alákìísà mẹ́ta, ó kó wọn jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó mú èyí àkọ́kọ́ dání, ó ní ti àkọ́bí òun nìyí, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ṣì le. Ó bi mí pé ṣé wọ́n máa dá a padà. Kí n tó dáhùn, ó ti kó gbogbo ẹ̀ padà sínú àpótí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kòkòrò ti jẹ wọ́n. N kò rí kòkòrò kankan. Mo kọjá sọ́dọ̀ bàbá apínlẹ́tà. Ríìmù kẹ̀kẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ń sáré kiri wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ríìmù náà ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo ríìmù. Wọn kò tiẹ̀ kan ara wọn. Báyìí ni mo ṣe lọ láti ilé dé ilé, gbogbo wọn fún mi lómi mu, gbogbo wọn fún mi lága, ẹnikẹ́ni kò fún mi ní nǹkan kan.

Màmá rẹ rí àpò mi bó ṣe rọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo ti wo òkè àjà tiwa. Mo gun òkè, mo gbé lọ́rì rẹ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọláńgidi aṣọ tí màmá rẹ rán fún ọ, èyí tí bọ́tìnnì ojú rẹ̀ kan dúdú tí èkejì búlúù. Mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ táyà lọ́rì wò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá rẹ ní òun fẹ́ fọ ọmọláńgidi, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó gbẹ, ó ní kò tíì gbẹ. A wo ara wa. Mo wá mọ̀ pé gbogbo àdúgbò kò láhun.

Ilé kan ló kù, ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. O mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo yín ti jẹ búrẹ́dì dàgbà. O mọ ọmọ rẹ̀ náà, òun nìkan ló bí. O lè má mọ bó ṣe fi ilé sílẹ̀, nítorí o ti lọ nígbà yẹn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì lọmọ fẹ́, ìyá ní ààrò ni yóò jogún. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìyá ní ọwọ́ tó bá fẹ́ kan gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ìyẹ̀fun òun, kó lọ síbi tí gíríìsì wà. Ọmọ lọ lóòótọ́. Ó di ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi iṣẹ́ rán ènìyàn sí ìyá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá kò fèsì, ọmọ náà kò sì ránṣẹ́ mọ́.

Mọ́tò tí ọmọ náà fi agolo sàdíìnì ṣe nígbà tó wà ní kékeré wà lórí pẹpẹ, lókè àpò ìyẹ̀fun. Sílípáàsì tó ti gbó ló gé fi ṣe táyà rẹ̀, ọ̀kan ti já. Kí n tó lanu, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ní òun ti gbọ́ ohun tí mo ń wá kiri, kí n tún táyà náà ṣe tí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mọ́tò á máa wà. Mo ní kò burú. Mo jókòó sórí àpótí, mo da mọ́tò dojú bolẹ̀ kí n lè rí ibi tí wáyà ti já. Mo rí i pé ọmọ náà ti fi ìṣó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka nu eruku, mo sì kà á sókè láìrò ó, pé Mọ́tò Màámi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí ni mo wí. Mo tún un kà. Ó ní níbo. Mo fi hàn án. O mọ̀ pé kò mọ̀wé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń nu mọ́tò yìí, òun rò pé ibi tí agolo ti họ ni. Ó ní kí n tún un kà. Mo kà á tó ìgbà márùn-ún fún un, ó ń fi ìka tọ ìlà náà bí èmi ti ń pè é. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, búrẹ́dì tó wà nínú ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kò dìde. Èmi ni mo fa àwọn páànù jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, búrẹ́dì jóná mọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, àdúgbò sì rà á bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó wé mọ́tò náà sínú bébà búrẹ́dì. Ó ní tó bá jẹ́ pé tòun ni lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òun lòun á sọ ibi tó máa lọ. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ mi, mọ́tò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sórí pẹpẹ, kó ṣáà má jẹ́ kí òjò pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba wákàtí méjì kó tó dé ẹnu gbogbo ayé. Aránṣọ gbé bọ́ọ̀lù mẹ́ta wá, ó ní kòkòrò tó jẹ wọ́n kò pọ̀. Bàbá apínlẹ́tà yí ríìmù rẹ̀ láti ilé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó ń fi igi lù ú, ó ń sáré tẹ̀ lé e! Ó ní ilẹ̀kùn òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá dúró.

Mo kan àpótí fún gbogbo wọn, òun ni dẹ́rẹ́bà tó ń wakọ̀ wá sọ́dọ̀ yín máa gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fi fèrèsé kan àti ilẹ̀kùn kan sí i, nítorí mo mọ̀ pé inú ẹ̀ ni Abẹnugan máa kọ́kọ́ wọ̀. Lọ́rì rẹ wà nínú ẹ̀, mo ti yí táyà rẹ̀ padà. Ọmọláńgidi kò sí níbẹ̀, màmá rẹ ní òun fúnra òun lòun á gbé e wá. Má kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fọ́mọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mú ọ̀kan jáde, kó ìyókù pamọ́, tó bá sú u, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tuntun ló máa jẹ́ lójú rẹ̀. Èyí tó bá sú òun àti àbúrò rẹ̀, ẹ fi yá ọmọ ará ilé yín, kí ẹ yá tiwọn. Irú yíyá bẹ́ẹ̀ ni mo fọwọ́ sí, kò ní èlé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ló kù. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà wá wo bí àpótí ṣe tóbi tó, Ìyá Oníbúrẹ́dì fún un ní búrẹ́dì. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní mẹkáníìkì kan wà lẹ́yìn ibùdó rélùwéè lọ́dọ̀ yín, tó ń tún bíréèkì òun ṣe, pé ọkùnrin náà kì í jẹ búrẹ́dì kó má kọ́kọ́ kan ìdí rẹ̀ kó-kó kó gbọ́ bó ṣe ń dún, débi pé Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ìyá Oníbúrẹ́dì bi í pé ìka wo ló fi ń kàn án. Dẹ́rẹ́bà ronú, ó ní oríkèé ìka àárín ni. Ìyá wo ìka àárín tirẹ̀, èyí tí òun náà fi ń kan búrẹ́dì wò. Gbogbo wa la wò ó.

Dẹ́rẹ́bà pè é lórí fóònù, ó gbé e fún ìyá, ìyá fi etí aṣọ rẹ̀ dì í mú bíi páànù tó gbóná. Ohùn ọmọ náà jáde, ó ń ní hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, ta ni. Ìyá gbé e sún mọ́ ẹnu. Ó ní òun ni, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tó kọ sábẹ́ mọ́tò fún òun ni, kó má bínú pé ó pẹ́. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé ó ti kú, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò kú, ọmọ ló ń sunkún. Ó ní òun máa wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá ní rárá, kó jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun lòun lé e, òun lòun á rin ọ̀nà náà.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́ta ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀: Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí kò wọkọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun rí, èmi tí mo máa mú un dání, àti màmá rẹ tó ní kò sí bí àwa méjì ṣe máa lọ ká má sọnù. Fi owó gọ́ọ̀mù àti sáńpépà díẹ̀ sí i. Má lọ yáwó nítorí ìyẹn. Yọ ọ́ nínú owó tí o kò yá.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á dá ti ọkọ rẹ sí, á sì wo àwọn ọmọ náà dàgbà lójú yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bínú sí ọ, ilẹ̀kùn rẹ kò ní gbàgbé ẹsẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ìwọ bá bínú sí wọn, Ọlọ́run á fún ọ lẹ́sẹ̀ tó máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà kò sì ní jìn.

Èmi ni bàbá rẹ.